Ọ̀pá Kílọ́ọ̀ṣì Bàbá Rẹ

Nínú ìsọ̀ mi,
Ifo.

Múfútàù, Àkànní ọmọ mi,

Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó ṣí ìwé yìí. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa, epo ẹ́ńjìnnì á ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ìwé tí mo jókòó kọ láti àárọ̀ di ohun tí ẹ máa fi nu sípánà. Bí o bá ti fọwọ́ tán, wá ibi tó tutù jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ kó búrẹ́dì lọ sí Mowe ni mo fi rán, mo sì fi mọ́ínmọ́ín tì í lẹ́yìn. Fún ìyàwó rẹ ní tirẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, mo mọ ọ̀fun rẹ.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Màámi kò pè mí lórí fóònù. Mo ti pè ọ́, ṣé o rántí? Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, "Ẹ̀n, Màámi, mo ti gbọ́" ni wàá wí, wàá sì kọjú sí ẹlòmíràn, wàá máa pariwo mọ́ ọn nítorí nọ́ọ̀tì tó sọnù. Ìwé kò ṣeé dá lẹ́nu báyẹn. Nílé ńkọ́? Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti òwúrọ̀ dalẹ́ láti ìgbà tí orúnkún ti dá wọn jókòó, etí wọn sì mú ju ti ajá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ní ìsọ̀, láàárín àwọn pátì ọkọ̀ tí mo ti ń tà kí n tó bí ọ.

Ohun méjì ni mo fẹ́, méjèèjì ló sì so kọ́ra wọn. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ tún jókòó sídìí ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì wà á. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ìdí kílọ́ọ̀ṣì ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o ṣí ibi iṣẹ́ rẹ ní Ibafo, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ààfáà ṣàdúà sí àwọn irinṣẹ́ rẹ, a pín sàárà, àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́ ní gáréèjì wá jókòó lábẹ́ tapólì. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa: bí ọmọ bá ṣí ibi iṣẹ́, òbí rẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, kí ọwọ́ ọmọ náà má baà ṣófo láé. Bàbá rẹ lè gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá. Wọ́n lè gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Ọkọ̀ wọn ni wọ́n ní kí wọ́n fà wá, ọkọ̀ aláwọ̀ wàrà tí mo máa ń pè ní orogún mi, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kú, tí adìẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n fi ọkùn fà á láti Ifo dé Ibafo, bàbá rẹ fúnra wọn ló sì di sítíárì mú.

O ti ra gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ sílẹ̀ dè é, oníjíà márùn-ún, èyí tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀sì kékeré. Gbogbo wa ń wò ọ́ bí o ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀. O yọ ọ̀pá irin tó so pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì mọ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́, o gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn, o ní:

"Bàbá, ẹ wò ó. Ọ̀pá yìí ti le jù fún orúnkún yín. Ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ́pà àti lówà ni màá fi sí i, èyí tó ń lo epo, kó lè fúyẹ́ fún yín."

Ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Mo rí i lójú rẹ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn àgbà yẹn náà, bí gbogbo wọn ṣe wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní, "Háà, orúnkún ń yọ Alájì lẹ́nu, wọn ò sì sọ fún wa!" Bàbá rẹ dìde. Wọ́n gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ.

"Ọ̀pá ni mo fi wa ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ẹ," ni wọ́n wí. "Bí o ò bá lè fi ọ̀pá sí i, gbé gíábọ́ọ̀sì ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀."

Wọ́n sì gbé ọ̀pá náà dání wá sílé. Láti ọjọ́ náà, bí o bá pè, wọn kì í gbé e. Ìwọ náà wá gbaná jẹ, o ní o ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́ àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí ọ. Ọkọ̀ wà lórí jáàkì ní Ibafo, ọ̀pá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ifo, èmi ni mo wà láàárín yín. Àkànní, ó ti rẹ̀ mí.

Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè ọ́, nítorí ní ti iṣẹ́, ìwọ lo jàre. Nígbà tí o pè mí nítorí pátì, o ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi. Lára gíábọ́ọ̀sì àtijọ́, fọ́ọ̀kì, irin tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nínú, apá òsì ló wà, ọ̀kánkán pẹ́dà, ọ̀pá kàn ń lọ bá a tààrà ni. Ti tòkunbọ̀ yìí wà lápá ọ̀tún. Bí o bá fẹ́ fi ọ̀pá dé ibẹ̀, wẹ́dà á jó irin kan mọ́ ibí, á jó òmíràn mọ́ ọ̀hún, ọ̀pá á gba abẹ́ gíábọ́ọ̀sì kọjá, gbogbo oríkèé rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí ìjókòó rẹ̀. Bó bá ti ń gbọ̀n, ọ̀pá á máa gbọ̀n, ọkọ̀ á sì máa ta gìjàgìjà nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Mo mọ èyí. Bàbá rẹ náà mọ̀ ọ́n, má tan ara rẹ jẹ pé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọmátíìkì sí i, kí ẹsẹ̀ òsì sinmi. Bàbá rẹ ti dá wọn lóhùn tipẹ́: ọkọ̀ tó ń yí jíà fún ara rẹ̀, kí ni awakọ̀ ń ṣe nínú ẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí, ẹ má tún hú u.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi wáyà sí i, pé wáyà kò wọ́n. Wáyà dára o. Mi ò ní bú wáyà, títà tí mo ń tà á wà nínú ohun tó rán ọ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀, tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán, ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì wá láti Ọbáfẹ́mi. Wọ́n ti pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì fún un bí o ṣe fẹ́ ṣe yìí. Ó ní, "Àǹtí oní-pátì, kí ni kí n fi sí i?" Mi ò wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ara ògiri mi ni mo wò. Wáyà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mo ní wáyà ni. Ó rà á, ó tún dúpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde ni wáyà náà gbà kọjá, ooru sálẹ́ńsà sì ń yan án títí ó fi já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ilẹ̀ títẹ́ ni wọ́n wà. Nígbà tó padà wá, mo ti múra èébú sílẹ̀ láti fi gba èébú, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí, wáyà yín ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀nà tó gbà ni kò dáa." Mi ò lè gbàgbé ojú ọkùnrin náà.

Ìmọ̀ràn mi nípa iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Má máa ta ohun tó wà lórí pẹpẹ rẹ fún oníbàárà, ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ ni kí o wá fún un. Kódà bí o kò bá ní in, ní kó lọ rà á níbòmíràn. Á padà wá. Lára ọkọ̀ tiwa yìí, ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà náà ni wáyà máa gbà, bí o bá sì ní kó má gba ibẹ̀, àfi kó ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Wáyà tó ká kì í pẹ́ le. Nítorí náà, gbàgbé wáyà.

Ó wá ku ọ́pà àti lówà: ọ́pà lókè nídìí pẹ́dà, lówà nísàlẹ̀ nídìí fọ́ọ̀kì, rọ́bà tín-ín-rín láàárín wọn, epo bíréèkì nínú rẹ̀. Rọ́bà lè yà bó bá ṣe wù ú, epo á ṣáà dé ibi tó ń lọ. Ó dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àánú bàbá rẹ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo mọ ohun tí ọkàn rẹ máa sọ: jẹ́ kí n wá ọ́pà tó kéré jù lọ, kí pẹ́dà lè fúyẹ́ bí òwú. Bí ọ́pà bá kéré jù fún lówà, pẹ́dà á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo tó máa tì kò ní tó, fọ́ọ̀kì kò ní sún tó, jíà á sì máa han nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ yí i. Bí ọ́pà bá tóbi jù, o tún gbé ọ̀pá irin padà fún wọn nìyẹn. Èyí tó bá lówà náà mu gan-an ni kí o fi sí i. Mo ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ níbí, má rà á níta.

Bàbá rẹ kì í ṣe aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ọkùnrin lè tẹ̀, tó sì máa mọ̀ lẹ́sẹ̀ pé òun tẹ nǹkan, ni kí o ṣe fún wọn. Má ṣe ohun ìṣeré fún wọn.

Ohun kan tún wà tí o sọ, mo sì fẹ́ kí o dúró lórí ẹ̀. O ní ibi tí o fẹ́ de lówà mọ́ jìnnà díẹ̀ sí fọ́ọ̀kì, pé ọ̀pá kékeré tó ń ti ẹnu lówà jáde láti ti fọ́ọ̀kì ti kúrú jù, pé o máa ní kí wọ́n rọ òmíràn. Má tíì jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ó wá kan ìbáwí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, nítorí náà má fajú ro.

Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á. Kì í ṣe pé ìka náà pé o. Gbogbo ayé mọ̀ pé kò pé, òun gan-an ló mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n a kì í kà á lójú ẹ̀. O ka ìka bàbá rẹ, Àkànní, o sì kà á sókè, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń sáré èrò láti Ifo dé Abẹ́òkúta nígbà tí ara le. Ṣé o mọ bí ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti ń fi orúnkún yẹn pamọ́? Bí wọ́n bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣe bí ẹni ń ṣe tẹ́súbáà, títí gbogbo èèyàn á fi jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Èmi ni mo mọ̀. Èmi náà kì í sì í sọ ọ́. Màá kàn gbé bàtà wọn sún mọ́ wọn, màá ní mo fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí mi ò sọ rí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wọlé, bàbá rẹ ní àwọn máa kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, nínú orogún mi yẹn náà. Ẹsẹ̀ mi òsì kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Mi ò tẹ̀ ẹ́ tán, mi ò sì fi í sílẹ̀, mo kàn gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Wọ́n á ní, "Gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìyàwó mi." Màá ní mo ti gbé e. Irọ́ ni mò ń pa. Lọ́jọ́ kan, níwájú ọjà Ifo, èéfín yọ lábẹ́ ọkọ̀, òórùn jíjó gba gbogbo ọjà, ọkọ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Èrò pé lé wa lórí. Ta ni mo máa rí láàárín wọn bí kò ṣe ìyá ọkọ mi, ìyá bàbá rẹ, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata lórí.

"Kí ló ṣe ọkọ̀?" ni wọ́n béèrè, ojú mi sì ni wọ́n ń wò.

Bàbá rẹ ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Pélètì kílọ́ọ̀ṣì ló gbó, Màámi. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n pààrọ̀ ẹ̀, èmi ni mo ya ọ̀lẹ."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pélètì náà ni, Múfú. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó máa kọ́ mi. Wọ́n gba ẹ̀bi lójú ọjà, nígbà tí a sì délé, mo ń retí kí wọ́n sọ ọ́, wọn ò sọ ọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní, "Ó yá, wá jókòó sídìí ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi ti ń kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bò mí láṣírí lójú ọjà nìyẹn. Ó dùn mí pé abẹ́ tapólì ọmọ mi ni àṣírí tiwọn ti tú. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ, kì í ṣe kí o lè máa sunkún. Mo mọ̀ pé omi ti ń gba ojú rẹ báyìí. Nu ojú rẹ, má fi ọwọ́ elépo nù ún.

Wò ó, ẹsẹ̀ tí mo gbé lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà náà kọ́ mi ní nǹkan kan tí mo ti lò nínú ọjà, tí mo sì ti lò nínú ilé ọkọ. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Àárín méjì ló ń jó pélètì. Bí ìwọ àti bàbá rẹ ṣe wà láti ọjọ́ yẹn nìyẹn: ẹ ò jà, ẹ ò parí ìjà, ẹ kàn ń jó ara yín. O ń pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò bá gbé e, o ti ṣe tìẹ nìyẹn. Kò tó, ọmọ mi.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá sílé. Má rán ìyàwó rẹ, má rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, má sì rán mi. Tí o bá sì dé, má fẹnu kan orúnkún, kódà nínú ẹ̀bẹ̀. Bí o bá ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa orúnkún yín," o ti tún ka ìka náà lẹ́ẹ̀kejì. Dọ̀bálẹ̀, ní "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín," kí o sì dákẹ́. Wọ́n mọ ibi tí o ti ṣẹ̀ wọ́n.

Má tàn wọ́n jẹ o. Mi ò ní kí o fi ọgbọ́n àrékérekè ti ọ́pà àti lówà bọ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni fi oògùn sínú ẹ̀kọ ọmọ. Sọ fún wọn gbangba pé ohun tí o fẹ́ fi sí i nìyẹn, kí o sì sọ ìdí tó jẹ́ ti ọkọ̀, pé fọ́ọ̀kì wà lápá ọ̀tún. Òótọ́ ni, ó sì tó. Ìdí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí ìwọ kò mọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ibo ni wọ́n fẹ́ kí pẹ́dà ti máa mú, lókè tàbí nísàlẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kó lọ lófo tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fọ́ọ̀kì? Mẹkáníìkì lè fi ojú wọn èyí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti wa ọkọ̀ náà ló ni ín. Béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn, kí o sì ṣe ohun tí wọ́n bá wí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

O sì mọ̀ pé bí ẹ bá so ó tán, ẹ ní láti lé atẹ́gùn kúrò nínú epo, ẹnì kan kò sì lè dá a ṣe. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀ láti tẹ pẹ́dà, ẹnì kan á wà lábẹ́ láti tú nọ́ọ̀tì. Má fi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ sínú ọkọ̀ náà. Ìwọ wọ abẹ́, kí o jẹ́ kí bàbá rẹ jókòó lókè. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ dì í mú. Ó tó." Bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n á máa mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé ó fúyẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ nǹkan kan.

Ìyókù ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Má máa jẹun níbi iṣẹ́ láìfọwọ́. Má jẹ́ kí oníbàárà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ti wà á yí ká. Lọ́jọ́ tí ìsìn òru bá wà ní Kámpù àwọn onígbàgbọ́, tètè ti ibi iṣẹ́ kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dí, kí o sì fi ọkọ̀ gbé Títí ìyàwó rẹ dé ẹnu ọ̀nà, má dúró sílé máa wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n "Àmín" tó ṣe sí àdúà Ààfáà lọ́jọ́ yẹn dún ju tìẹ lọ, mo gbọ́ ọ. Ọmọ ilé rere ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí mo fi pamọ́ títí dé ìdí ìwé yìí, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá fi í ṣáájú, o ò ní ka ìyókù.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ti ìsọ̀ dé, mo bá bàbá rẹ lẹ́yìnkùlé, níbi tí ọkọ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ọ̀pá náà wà lórí itan wọn. Wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi sáńpépà ha ìpẹtà ara rẹ̀. Mo kí wọn, mo fẹ́ kọjá lọ. Wọn ò gbójú sókè.

"Ìyá Múfú."

"Ẹ̀n, Alájì."

"Lówà tí ọmọ yẹn ń wí yẹn, ṣé kò ní ọ̀pá kankan lẹ́nu ni?"

"Ó ní in. Kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ti fọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá a wá ti kúrú jù."

Wọ́n tún ha ìpẹtà díẹ̀. Adìẹ kan ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Irin ìsinsìnyí rọ̀," ni wọ́n wí. "Èyí ò rọ̀." Wọ́n gbé ọ̀pá náà sókè, wọ́n fi ojú kan wò ó bóyá ó ṣì gún. "Báwo ló ṣe fẹ́ kó gùn tó?"

Múfú, mo mọ bó ṣe gùn tó. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, o tún sọ ọ́ ní àsọtúnsọ kí n má baà gbàgbé. Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mi ò mọ̀ o, Alájì. Múfú nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Má pè wọ́n láti sọ ọ́. Má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Dìde níbi tí o jókòó sí, wá sí Ifo, kí o wá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀ yìí, wọ́n ti gbé ayùn irin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n ti há ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn etí, ọ̀pá náà mọ́ lórí itan wọn, wọn ò sì tíì fa ìlà kankan sí i.

Èmi ni,
Màámi.